Herbert Macaulay àti Ẹjọ́ Ilẹ̀ Àpápá

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864 ni a bí Herbert Macaulay ní Èkó. Baba rẹ̀ ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1890, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1893, ó di awọnlẹ̀ ìjọba. Ní ọdún 1898, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀.

Ọ̀ràn méjì ni ó sọ ọdún 1913 di ọdún pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Èkíní ni pé ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó lo dúkìá olóògbé kan, èyí tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, fún àǹfààní ara rẹ̀. Wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Èkejì ni pé ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún ìlò gbogboogbò. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ni ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Iye tí ìjọba yóò san ni ó di ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó gbà pé ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ni Olóyè náà ní, àti pé owó ìtanràn kò gbọdọ̀ ju èyí lọ. Bí ìdájọ́ yìí bá dúró, àwọn ará ìlú tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn yóò pàdánù rẹ̀ láìgba iye tí ó tọ́.

Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí dání. Ní ọdún 1921, Privy Council yí ìdájọ́ náà padà. Àwọn adájọ́ gbà pé ìwé tí Ọba Dósùnmú fọwọ́ sí ní ọdún 1861 kò gba ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé àwùjọ àti ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Olóyè kàn ń ṣe alámòójútó rẹ̀ fún wọn ni. Nítorí náà, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà ní kíkún, kí a sì pín in fún àwọn tí ó tọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àṣà. £22,500 ni iye owó náà.

Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí ó ti lọ kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè dupò. Ó di ààrẹ NCNC ní ọdún 1944, ó sì kú ní ọjọ́ keje, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946.

Ìlànà ẹjọ́ náà kọjá Èkó. Ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, olórí ẹbí ni ó ń mójú tó ilẹ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ni ín. Láti ọdún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní àwọn ará ìlú. Ìtàn Macaulay fi ojú méjèèjì ọ̀ràn yìí hàn: ẹni tí ilé-ẹjọ́ jẹ níyà nítorí dúkìá tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó ṣe ìrànwọ́ láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé alámòójútó kì í ṣe oní-nǹkan.