Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ọkùnrin Tó Mọ Ẹni Tí Òun Jẹ́ Nínú Kristi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú mú un ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ó gba orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀, nù.

Ní 1864, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Síbẹ̀, ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tàbùkù rẹ̀, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìtìjú ńlá ni fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́yìn Olúwa títí ó fi sùn ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Ayé pè é ní ẹrú, wọ́n pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n tún pè é ní ẹni tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Nínú gbogbo rẹ̀, ọmọ Ọlọ́run ni. Bí a bá gba ipò lọ́wọ́ wa lónìí, ta ni a óò kù tí a jẹ́? Kí Olúwa jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Àmín.