Konrad Zuse: Ọkùnrin tó ṣe kọ̀ǹpútà ní pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣìṣe. Konrad Zuse, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1910. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́. Nígbà tó jáde lọ́dún 1935, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Henschel gbà á síṣẹ́, àmọ́ ìṣirò ojoojúmọ́ sú u. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irin pọ̀ ní pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa bá èèyàn ṣírò.

Nọ́ńbà ńlá àti kékeré ló wà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ àyè inú ẹ̀rọ kò pọ̀. Ọgbọ́n tí Zuse dá ni pé kí ẹ̀rọ tọ́jú ìwọ̀nba nọ́ńbà tó ṣáájú, kó sì rántí ibi tí àmì tó pín odidi àti ìdá níyà wà. Ẹ̀rọ Z3, tó fi han àwọn èèyàn lọ́jọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 1941, ń lo ọgbọ́n yìí.

Ṣùgbọ́n bíi nọ́ńbà mẹ́rin péré ló lè mú dání dáadáa. Béèyàn bá fi ení kún mílíọ̀nù kan nínú rẹ̀, mílíọ̀nù kan náà ni yóò ṣì máa pè é. Zuse ṣe é kó máa fi àmì hàn bí ìdáhùn bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó má baà purọ́.

Bọ́ǹbù ba Z3 jẹ́ lọ́dún 1943. Zuse kò jáwọ́. Ó gbé Z4 sá kúrò ní Berlin lọ́dún 1945, yunifásítì ETH ní Zurich sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1950.

Ojú rẹ̀ náà ni aráyé ṣe rí ewu tó wà nínú gígé nọ́ńbà kúrú. Ìdámẹ́wàá, tí kò ṣòro fún ẹni tó ń san án ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣeé kọ pérépéré nínú ẹ̀rọ tó ń fi òdo àti ení nìkan kà. Ṣe ni wọ́n ń gé ìrù rẹ̀. Ní Dhahran, Saudi Arabia, lọ́jọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 1991, kọ̀ǹpútà ohun ìjà Patriot ti ń fi ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ka àkókò fún bíi wákàtí 100 láìsinmi. Àṣìṣe kékeré náà ti di bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ náà kò rí àdó olóró Iraq tó ń bọ̀. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 28 ló kú.

Zuse kú lọ́jọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 1995, lẹ́ni ọdún 85. Títí dòní, ọgbọ́n tó dá ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, àléébù rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.