Hezekiah Olúwasanmí

Hezekiah Adédùnmọ́lá Olúwasanmí (1919–1983) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọmọ bíbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní. Òun ni gíwá kejì Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Ó wà ní ipò náà láti ọdún 1966 sí 1975. Ní àsìkò rẹ̀ ni yunifásítì náà kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀, ní àsìkò rẹ̀ kan náà sì ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú, kí ẹ̀kọ́ má baà parí sínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Olúwasanmí rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Morehouse College ní ìlú Atlanta ní ọdún 1951, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1955. Nígbà tí ó padà sílé, ó di olùkọ́ ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kò fi ìmọ̀ rẹ̀ mọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Uboma, agbègbè kan ní ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n yẹ ìgbé-ayé àwọn ará abúlé wò, láti orí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro títí dé orí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀, Agriculture and Nigerian Economic Development, jáde. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ipa rẹ̀ nínú ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ni ó dá lé.

Owó kòkó àti yunifásítì

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1961. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní ọdún 1962 ní Ìbàdàn, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ajose jẹ́ gíwá. Kòkó sì ni òpó tí ó gbé àpò ìjọba náà dúró. Àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìdànrè, ìlú ẹsẹ̀ òkè tí a mọ̀ mọ kòkó títí di òní, kì í gba iye tí ọjà àgbáyé ń san lórí kòkó wọn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ni ó ń dá iye lé e, púpọ̀ nínú owó tí ó bá sì ṣẹ́kù a máa lọ sínú iṣẹ́ ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kan dúró níwájú yunifásítì náà: kí ni àǹfààní rẹ̀ fún àgbẹ̀ tí kò lè ka ìwé, ṣùgbọ́n tí òógùn rẹ̀ wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Láàárín ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà, nítorí owó-orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn àti owó kòkó tí kò tó nǹkan. Ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀.

Gíwá ní Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí ọgbà tuntun ní Ilé-Ifẹ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ni ó ya àwòrán ọgbà náà.

Ní ọdún 1968, Iléeṣẹ́ Ẹ̀kọ́ nípa Ilẹ̀ Áfíríkà ti yunifásítì náà ṣí ibùdó àṣà Orí Olókun sí àárín ìlú, kì í ṣe sínú ọgbà. Níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ àti ará ìlú ti jọ ń ṣe eré, orin, ijó àti iṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí kọ, ní ọdún náà.

Ètò Ìsọ́yà

Ní ọdún 1969, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìdàgbàsókè ìgbèríko ní Ìsọ́yà, abúlé kan nítòsí Ilé-Ifẹ̀, àti ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Wọ́n mú irúgbìn àgbàdo pupa tí ó ń so dáadáa wá fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ kí wọ́n lè rí owó yá. Nígbà tí ó yá, ètò náà kan àwọn obìnrin, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lórí oúnjẹ aṣaralóore àti ìtọ́jú ilé.

Abúlé náà di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ fún yunifásítì pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kà nípa irúgbìn tuntun nínú ìwé ní láti bá ẹni tí yóò gbìn ín sọ̀rọ̀. Ó ní láti mọ iye ọwọ́ tí oko ń fẹ́, ìgbà tí owó máa ń wọ́n àgbẹ̀, àti ìdí tí ẹni tí ó ní ẹnu púpọ̀ láti bọ́ kì í fi í yára kọ irúgbìn àtijọ́ sílẹ̀. Ọgbọ́n ti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ó ti ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wá.

Ìsọ́yà nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ wà. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà lábẹ́ ètò ìlera Ìbàràpá. Ní ọdún 1973, ìjọba àpapọ̀ dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, tí ó ń rán àwọn tí ó jáde ní yunifásítì lọ sìnlú fún ọdún kan. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn: lẹ́yìn ìwé kíkà ni àgùnbánirọ̀ ń sìn, ṣùgbọ́n ní Ìsọ́yà àti Igbó-Ọrà, iṣẹ́ ìsìn náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn àti ìrántí

Olúwasanmí fi ipò gíwá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abóyadé ni ó rọ́pò rẹ̀. Ó di olóògbé ní ọdún 1983. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé-ìkàwé ńlá yunifásítì náà, Hezekiah Oluwasanmi Library, ní Ilé-Ifẹ̀.