Bíṣọ́ọ̀bù Crowther Lórí Odò Ọya

Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, Bíbélì Yorùbá ni ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá a máa gbàgbé pé láàrin àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà tirẹ̀ ni ó ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún oyè rẹ̀: àwọn Igbo, àwọn Tápà, àwọn ará Bonny àti Brass. Apá yìí nínú ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ rántí.

Ọmọ Òṣóògùn ni. Ogun kó ìlú náà ní 1821, a sì ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Àwọn tí a gbà lọ́wọ́ akónilẹ́rú láti ilẹ̀ púpọ̀ ni ó kún Freetown nígbà náà, kò sì sí èdè tí etí kò lè gbọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ èdè Temne, èdè àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ní 1841 ó bá J. F. Schön gòkè Odò Ọya. Ibà pa òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú ìrìn àjò náà. Lẹ́yìn tí a fi í joyè àlùfáà ní 1843, ó padà sí Freetown, ní oṣù kìíní 1844 ni ó sì darí ìsìn ní èdè Yorùbá níbẹ̀. Ìtàn bí ó ṣe tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846 kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, a kò ní tún un sọ.

Ní 1857 ó tún gòkè odò. Ó fi John Christopher Taylor, ọmọ Igbo tí a bí sí Sàró, sílẹ̀ ní Onitsha, ó sì ti ṣe ìwé àkọ́kà Igbo kan ní ọdún náà gan-an. Ní oṣù kẹwàá, ọkọ̀ wọn kọlu àpáta lẹ́bàá Jẹ́bbà, ó sì fọ́. Bí wọ́n ti ń retí ìrànlọ́wọ́, Crowther ń kọ́ èdè àwọn Tápà. Ní 1864 ni ìwé gírámà Tápà tí ó ṣe jáde.

Kí ó tó di ìgbà náà ni ìyọnu kan ti dé bá a. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀, ó sì jó àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún 11. Ẹ̀yin ará wa nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ̀yin tí ewé ìwé kan péré ti sọnù mọ́ lọ́wọ́ rí, ẹ mọ bí èyí ti wúwo tó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú, nítorí náà a yọ Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó gba èyí tí a fún un. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: kò gbọ́ èdè àwọn tí a rán an sí bí ó ti gbọ́ tirẹ̀, ògbufọ̀ ni ó sì ń gbẹ́kẹ̀ lé lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ kò rò pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹnu ẹlòmíràn yin Ọlọ́run. Bí ó ti ṣe ń bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Nígbà tí ó dé ààfin Ẹ́mírì Ìlọrin ní 1872, kò bá wọn jiyàn. Inú Ìwé Mímọ́ Yorùbá ni ó ti ń ka ìdáhùn sí ìbéèrè wọn.

Odindi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn òyìnbó tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀, bàbá arúgbó náà sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 1913, ọdún 56 lẹ́yìn ìwé àkọ́kà yẹn, ni odindi Bíbélì Igbo, èyí tí Áṣídíákónì T. J. Dennis àti àwọn Igbo tí ó ràn án lọ́wọ́ ṣe, jáde.