ÌTÀN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ JAMES JOHNSON, ẸNITÍ Ó KỌ́ ÌJỌ LI Ẹ̀KỌ́ FÍFÚNNI

Nígbàtí àkókò Ìkórè bá dé, ìbéèrè kan a máa wà li ọkàn àwọn ará Ìdèrè àti ti gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá: kíni èmi yíò mú wá fún Olúwa? Ẹlòmíràn a ru iṣu, ẹlòmíràn a ru ẹ̀gúsí tàbí àgbàdo, ẹlòmíràn a sì mú owó wá. Ṣùgbọ́n Ẹnití ńwo ọkàn ńwò bóyá ìfẹ́ li ó gbé ẹrù náà dé iwájú pẹpẹ, tàbí ìtìjú ènìà. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ rán yín létí ìgbésí-aiyé ọkùnrin kan tí ó fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ jà nítorí ọ̀rọ̀ yí gan-an.

Ní ilẹ̀ Sàró ni a bí James Johnson, ní ìwọ̀n ọdún 1836. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Nwọ́n wà nínú àwọn tí a kó lẹ́rú, tí a sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kàwé ní Kọ́lẹ́jì Fourah Bay, a sì fi í joyè díákónì li ọdún 1863. Li ọdún 1861, ṣáájú èyí, Ẹgbẹ́ C.M.S. ti fi àwọn ìjọ kan ní Sàró lé àwọn ọmọ ilẹ̀ lọ́wọ́, kí nwọ́n máa bọ́ àlùfáà wọn fún ara wọn. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, li ó tẹnumọ́ ọ pé ìjọ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ kò tíì dàgbà. Ẹ̀kọ́ yí wọ Johnson li ọkàn ṣinṣin.

Li ọdún 1874 a rán an wá sí Èkó, sí ìjọ St. Paul, Breadfruit. Ó ńgbé ní ìrọ̀rùn díẹ̀, ó sì le sí ara rẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìà fi ńpè é ní ẹni mímọ́. Ó kọ́ ìjọ rẹ̀ pé ẹnití ó bá ńjẹ oúnjẹ ẹlòmíràn títí kò lè sọ̀rọ̀ bí ọmọ onílé. Òun wà nínú àwọn aṣáájú nígbàtí àwọn ìjọ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àlùfáà wọn fún ara wọn.

Li ọdún 1877 a fi í ṣe alábojútó iṣẹ́ ìhìnrere ní òkè Yorùbá, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Níbẹ̀ li ìdánwò rẹ̀ wà. Láti ìgbà Ìfọ̀lé, li ọdún 1867, tí a ti lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò, àwọn ọmọ ilẹ̀ li ó di ìjọ mú; ṣùgbọ́n owó tí ó ńti òkè òkun wá ṣì ńbọ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́. Johnson fẹ́ kí èyí parí kíákíá. Ó fi kún owó kíláàsì, èyíinì ni owó tí olúkúlùkù ńsan fún olórí kíláàsì rẹ̀. Àwọn ènìà ńkùn. Li àkókò kan náà ó ńfi agbára mú òfin tí ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọ má ṣe ní ẹrú ṣẹ, ìkùnsínú náà sì di ńlá. Li ọdún 1880 a mú un kúrò ní Abẹ́òkúta, ó padà sí Breadfruit.

Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ńbẹ nínú rẹ̀. Ohun tí Johnson ńwá dára: ìjọ tí ó dúró li ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú dídùn ní í mú orí yá. Owó tí a bù lé ènìà kí ọkàn rẹ̀ tó gbà á a máa wọlé bí owó-orí, ìbínú a sì bá a wọlé.

Èyí kò sọ ọ́ di aláìnírètí. Li ọdún 1886 a yàn án sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Li ọdún 1900 a sọ ọ́ di igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù, láti máa ṣe ìtọ́jú iṣẹ́ ní ẹsẹ̀ odò Ọya. Ó ńgba owó jọ lọ́wọ́ àwọn Kristiani aláwọ̀-dúdú, kí ó di owó ìpìlẹ̀ tí yíò máa bọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ọmọ ilẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé ẹnití ó bá bọ́ olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ ni yíò mọ̀ pé agbo náà jẹ́ ti òun. A kò fún un ní díósíìsì tirẹ̀ títí ó fi kú li ọdún 1917.

Àmì ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn li ọ̀nà kan tí òun kò fẹ́. Li ọdún 1901, nígbàtí a ní kí ó kúrò ní ilé àlùfáà Breadfruit, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bínú jáde, nwọ́n sì dá ìjọ African Church, Bethel, sílẹ̀. Johnson kò bá wọn lọ. Ìyapa náà dùn wá. Síbẹ̀ ẹ kíyèsí i pé láìsí owó òkè òkun, nwọ́n kọ́ ilé-ìjọsìn, nwọ́n sì bọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ohun tí nwọ́n kà sí ti ara wọn, ọwọ́ wọn là fún un.

Ẹ̀yin ará Ìdèrè, àgbájọ ọwọ́ li a fi ńsọ̀yà. Ẹ̀yin olórí kíláàsì, ẹ máa ṣe àlàyé ohun tí owó ìjọ ńṣe, kí ẹ tó béèrè rẹ̀. Ẹ sì ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ènìà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọdé láti mú díẹ̀ wá nínú ohun tirẹ̀, kì iṣe èyí tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ li ẹnu ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí kò ní ju agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan lọ, kí ó má ṣe tijú olówó. Opó inú Ìhìnrere kò ní ju owó wẹ́wẹ́ méjì lọ, Olúwa sì kà á sí ju ti gbogbo wọn. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ńfúnni láìsí kíkùn. Àmín.