Louis Braille, Ọmọ Oníṣẹ́ Awọ

Nínú ìwé wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, ìtàn ọkùnrin kan ni a mú wá, tí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà. Ọ̀pọ̀ wa ti rí ìwé náà rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú Pacelli ní Surulere, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, òun ni àwọn ọmọ ń kà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn ẹni tó ṣe é, wọ́n a máa fo ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti àwọn ará abúlé rẹ̀ dá. Ibẹ̀ gan-an ni àwa fẹ́ kí a dúró sí.

Abúlé Coupvray ní ilẹ̀ Faransé, nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìlú Paris, ni wọ́n bí Louis Braille sí ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1809. Simon-René ni bàbá rẹ̀, Monique ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ awọ ni bàbá ń ṣe, gàárì àti ìjánu ẹṣin. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Louis sì ni àbíkẹ́yìn. Àwọn yòókù ti dàgbà díẹ̀ kí òun tó dé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti í kẹ́ àbíkẹ́yìn.

Ní ọdún 1812, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn irin mímú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ awọ, ó fẹ́ ṣe bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Irin náà yọ̀, ó sì gún un lójú. Kò tí ì sí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn láyé ìgbà náà. Egbò náà kẹ̀, ó ran ojú kejì, nígbà tí ọmọ yóò sì fi pé ọdún márùn-ún, kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ rárá.

A mọ ohun tí í máa ń tẹ̀lé irú nǹkan báyìí nínú ilé. Àwọn kan á ní ìyá ni kò ṣọ́ ọmọ, àwọn kan á ní bàbá ni kò kó irin iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àjẹ́ kiri. Wọ́n á wá gbé ọmọ sí yàrá ẹ̀yìn kí àlejò má baà rí i. Ní ilẹ̀ Faransé ìgbà náà, agbe ni ọ̀pọ̀ afọ́jú ń ṣe lójú pópó. Èyí tó tún burú ni pé ní ọdún 1814 ogun wọ ilẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè dé Coupvray, àwọn ará abúlé sì ní láti fi wọ́n wọ̀ sílé kí wọ́n sì máa bọ́ wọn. Ènìyàn ì bá má dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò ríran kọ́ ló kù.

Ṣùgbọ́n Simon-René gé ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀, ọmọ sì ń fi í tọ ọ̀nà káàkiri abúlé títí tí ó fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Wọ́n fún un níṣẹ́ ṣe nínú ilé bí ti àwọn ọmọ tó kù. Ó ń ran bàbá lọ́wọ́ láti ṣe wajawaja tí wọ́n ń so mọ́ ìjánu ẹṣin. Bàbá yìí kan náà kan ìṣó mọ́ pákó, ó to orí wọn bí lẹ́tà ábídí, kí ọmọ lè fi ọwọ́ tọ́ ọ. Kò sí ẹni tó kọ́ oníṣẹ́ awọ yìí bí a ti ń kọ́ ọmọ afọ́jú. Orí ara rẹ̀ ló lò.

Ní ọdún 1815, àlùfáà tuntun dé sí ìjọ abúlé náà, Jacques Palluy lorúkọ rẹ̀. Ó mú ọmọ náà sọ́dọ̀, ó ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ó lọ bá olùkọ́ abúlé, Antoine Bécheret, pé kí ó gba Louis sí kíláàsì. Olùkọ́ náà gbà. Ọmọ aládùúgbò kan ló ń wá fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé lárààárọ̀. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di ṣọ́ọ̀kì mú mọ̀ pé ohun tí Bécheret ṣe yẹn kì í ṣe kékeré. Kíláàsì kún, kò sí ohun èlò, ọmọ kò rí pátákó: gbogbo àwáwí yìí ni a ti gbọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọmọ tí wọ́n gbà yìí kò lè kàwé, kò lè kọ̀wé, etí nìkan ló fi ń gbọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ já òun sílẹ̀.

Ọlọ́lá kan tó ní ilé ńlá ní Coupvray, d'Orvilliers, ló bá wọn kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Paris, èyí tí Valentin Haüy dá sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1819 bàbá mú Louis lọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá, kí a gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ síni. Ilé náà ti gbó, ó sì tutù; ó ti ṣe ẹ̀wọ̀n rí. Àwọn ìwé ibẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́tà ńláńlá tó yọ sókè lára pépà ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n, ìwé kan a tóbi, a wúwo, kíkà rẹ̀ a sì falẹ̀. Kíkọ ni wọn kò tilẹ̀ lè fi í kọ.

Ní ọdún 1821, Charles Barbier, ẹni tó ti ṣe ọmọ ogun rí, mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà, tí a ń fi irin lu àmì kéékèèké sára pépà tó nípọn. Àmì rẹ̀ ń tó 12 fún ohùn kan, ìka kan kò lè bo gbogbo rẹ̀, kò sì ṣeé fi sípẹ́lì ọ̀rọ̀. Louis gbà á yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gba ìsinmi tí ó bá wá sílé, iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe. Ó dín àmì náà kù sí mẹ́fà, kí ìka lè mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó bá kàn án. Bí a bá tò wọ́n lónírúurú, wọ́n di 63, ó tó fún ábídí, nọ́ńbà àti orin. Ní ọdún 1824 tí iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọmọ ọdún 15 ni. Irin ṣóńṣó tí ó fi ń lu pépà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí irin iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Ọdún 1829 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì ń tẹ dùrù ní ilé ìsìn. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1831. Kí ó tó kú, ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Pignier, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe kọ ọmọ òun sílẹ̀.

Ẹ má rò pé kíá ni wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ o. Ní ọdún 1840 Dufau di ọ̀gá, ó sì kọ ìwé alámì náà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má lò ó mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Igbákejì rẹ̀, Joseph Guadet, ló yí i lọ́kàn padà. Ní oṣù kejì ọdún 1844 wọ́n ṣí ilé tuntun. Wọ́n ní kí ọmọ kan jáde, wọ́n ka ọ̀rọ̀ fún ọmọ kejì kí ó fi àmì náà kọ ọ́, wọ́n wá pe ti àkọ́kọ́ wọlé, ó sì kà á láìṣì.

Ikọ́ ife ti mú Louis láti nǹkan bí ọmọ ọdún 26. Bí ó bá ti le, Coupvray ni í lọ, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1852, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ọdún 43. Ó ti ní kí wọ́n sun àpótí kékeré kan láì ṣí i. Wọ́n ṣí i ṣá, ìwé gbèsè àwọn tí ó yá lówó ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ọdún 1854 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé tó tẹ́wọ́ gba ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1952, wọ́n hú òkú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Panthéon ní Paris, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ wọn sí. Àwọn ará Coupvray kò jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní itẹ́ òkú abúlé wọn títí di òní.