Andreas Riis, Àlejò Orí Òkè Akuapem

Ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni Andreas Riis. Ọdún 1804 ni wọ́n bí i. Ní 1832 ó wá wàásù ní Gold Coast. Àwọn méjì tí wọ́n jọ dé kú. Òun náà ṣàìsàn, oníṣègùn ìbílẹ̀ ló wò ó sàn. Ní 1835 ó gòkè lọ sí Akropong, Ọba Addo Dankwa sì gbà á. Ó jẹ oúnjẹ wọn, ó kọ́lé láàrin wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Osiadan, ìyẹn ẹni tó ń kọ́lé. Ó kú ní 1854.

Àwa ará Ayigya kò gbàgbé òfin 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wa kúrò ní Gánà. Bí a bá gbé ọjà lọ sí abúlé orí òkè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí odikro, ká sì bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ wọn.